Ọ̀bẹ Ìbàdí Bàbá Síìkì

Má bínú, ọmọ mi, mo ti ń gbàgbé nǹkan; bá mi kọ èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bọ́tà tí ìyá ẹ ń yọ́ yìí ló rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Àwọn Síìkì, àwọn Íńdíà tó ń wé láwàní, ń dá ẹgbẹ́ tó máa gbẹnu sọ fún wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ tí bàbá mi yá wọn lò nílé wa l'Ámùwò. Àgbà wọn bu ìyẹ̀fun dídùn tí wọ́n fi bọ́tà rò sí mi lọ́wọ́: "Gbà, ọmọ onílé." Bí mo ṣe jẹ ẹ́ tán ni mo rí ọ̀bẹ ní ìbàdí ẹ̀.

Mo sáré jáde. "Bàámi, awo ni wọ́n ń ṣe o! Wọ́n mú ọ̀bẹ wá!"

Bàámi wọlé. "Ẹ kó ẹgbẹ́ yín jáde nílé mi!"

Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ. Adùn yẹn ṣì wà lẹ́nu mi. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀sìn wọn ló ní kí wọ́n máa mú ọ̀bẹ yẹn dání.

Kà á sókè kí n gbọ́. Má fo ibi tí mo ti jẹ oúnjẹ wọn.