Ọjọ́ Tí Ọ̀rọ̀ Pèsì Jẹ Nílé Fídíò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n mi, èmi ni ògbufọ̀ ilé fídíò tó wà ní Àpòmù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé fíìmù òyìnbó sí i, ẹnì kan ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún èrò. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n láti Ìkirè títí dé Wásinmi, ta ló tó mi í sọ fíìmù? Bí mo bá ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ọ̀gá mi gbé kásẹ́ẹ̀tì kan dé láti Ìbàdàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń ṣàìsàn nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin mìíràn ń gbé oúnjẹ wá fún un, ṣùgbọ́n ìyá aláìsàn ò jẹ́ kó wọlé. Mo ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Mo sọ ọ́ débi pé àwọn àgbẹ̀ ń nujú. Ìyá kan tó ń ta dòdò létí títì ti gbàgbé ọjà rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, "Ìyá burúkú, ṣílẹ̀kùn fọ́mọ ọlọ́mọ!"

Àfi bí aláìsàn ṣe rọra dé ojú fèrèsé, tí èkejì nàró láti ìta, tó fẹnu kò ó lẹ́nu. Kì í ṣe bí ọ̀rẹ́ rárá.

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Ògbufọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Àwọn kan ń ké "Asitagafurulai," wọ́n ń wá bàtà wọn.

Ìyá oní-dòdò ló dáhùn: "Ó fẹ́ràn ẹ̀ ni, àbí ojú yín fọ́? Ẹ jókòó jàre, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá yẹn á ṣílẹ̀kùn."

"Ìyá, ṣé ọmọ yín ni?" ẹnì kan bi í.

"Tó bá jẹ́ ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹni tó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan padà jókòó. Nígbà tí ìyá inú fíìmù ṣílẹ̀kùn nígbẹ̀yìn, ariwo ayọ̀ gba ilé kan.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún dé ìta láti wo fíìmù yẹn kan náà. Mo ti gbá ọ̀pá mú. Ọ̀gá mi ní, "Jókòó jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹnu ẹ lórí eléyìí."

Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi. Lóde òní, fíìmù ti wọnú fóònù, kálukú ń dá wo tiẹ̀, ẹ sì ń jiyàn níwájú mi nípa ohun tó lè mú ará ilé wa jókòó wo fíìmù ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin. Mo fojú ara mi rí i: ilẹ̀kùn ìyá yẹn ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá á ṣí. Gbogbo wọn ló yé, àtàgbẹ̀ àtoní-dòdò. Èmi tí wọ́n gbé ọ̀pá lé lọ́wọ́ ni ò lè sọ ọ́.