Ebè Kan Tó Ṣẹ́ Kù

Nígbà tí mo ṣì kéré lọ́wọ́ ìyá àgbà mi, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ní Òkèlúsè, iye ebè iṣu kan náà là ń kọ lọ́dọọdún: ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, 2,520 lẹ ń kọ ọ́. Tí òṣìṣẹ́ bá ṣèèṣì kọ ọ̀kan lé e, ìyá àgbà á fẹsẹ̀ tú u ká. Èmi ni mo máa ń kà á, òkúta kan fún ogún ebè, títí òkúta á fi pé mẹ́rìndínláàádóje.

Ìdí rẹ̀ ni pé tí iṣu bá ta, ìyá àgbà ń pín ebè fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá wálé lọ́dún yẹn. Wọ́n lè jẹ́ méjì, wọ́n lè jẹ́ méje, iyekíye títí dé mẹ́wàá. Á pín dọ́gba, ìjà ò ní sí. Kò sí iye tó kéré sí i tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oko ló ti rí i, kì í ṣe ìwé.

Nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, tíṣà wa fẹ́ mú ẹni méjì lọ ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì ní Ọ̀wọ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi wá pé iye wo ló kéré jù lọ tí ení dé ẹẹ́wàá lè pín láìṣẹ́kù. Kó tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ti dáhùn. Ó ní mo jí ìwé òun wò. Mo ní ìyá àgbà mi ló kọ́ mi. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B?” Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà, ó sì pa orúkọ mi rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò bú tíṣà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí àwọn tó fẹ́ pín in bá di mọ́kànlá ńkọ́?”

Tíṣà kọjú sí pátákó. Ó ṣì ń pín in lọ́wọ́ tí ìyá àgbà fi ní, “Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba igba ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ebè kan á ṣẹ́ kù. Irú ebè kan bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì jà sí tí wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.”

Ṣọ́ọ̀kì dé ibẹ̀ lóòótọ́, ó ku ení. Tíṣà ní, “Ẹ má bínú, màmá, a ti fi orúkọ ránṣẹ́.”

Irọ́ ni. Ìwé tó kọ orúkọ sí ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, mo ń wò ó. N kò wọ sẹ́kọ́ńdírì títí dòní, inú sì ń bí mi. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ó ti pẹ́.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Lóòótọ́, fóònù ti wà lọ́wọ́ yín. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé ìbéèrè yẹn gan-an wálé. Mo dá a lóhùn lórí ìjókòó. Kò gbà, ó kọ́kọ́ bi fóònù rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oko ìyá àgbà wa la ti mọ̀ ọ́n.

Ó wò mí, ó ní, “Màmá, tíṣà wa ò ní gbà.”

Mo mọ̀. Tíṣà àkọ́kọ́ náà ò gbà.