Dókítà Tó Mọ Ẹyẹ

Ọjọ́ tí mo gbé odídẹrẹ́ ìyàwó mi káàkiri Kùmásì kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a sin Sàlámátù. Ẹyẹ rẹ̀, tí ó sọ ní Alhájì, kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ó sì ń mí gúlegúle. Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ mi ni yóò kú sí.

Dókítà ẹran tí mo kọ́kọ́ bá ní Alabar sọ pé àgùntàn nìkan ni òun mọ̀. Èkejì, ní Race Course, rẹ́rìn-ín. "Baba, ajá ni mò ń tọ́jú. Ẹ tètè sè é kó tó kú!"

Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Kejetia ló júwe dókítà obìnrin kan tó kọ́ nípa ẹyẹ fún mi. Ìyẹn fọwọ́ tẹ ikùn Alhájì jẹ́jẹ́, ó wò mí lójú.

"Baba, ta ló sọ pé akọ ni ẹyẹ yìí?"

"Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹyin ló há sí Alhájì nínú."

Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ó gún un lábẹ́rẹ́. Kí a tó kírun Alásárì, ẹyin funfun kan bọ́ sílẹ̀. Alhájì gbọn ìyẹ́, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fi pàtẹ́wọ́.

Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Sàlámátù fi pe abo ẹyẹ ní Alhájì. Ó wù mí kí n sáré lọ sọ fún un.