Gàárì Tí A Jọ Mu Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ń Bá Ọkàn Ọmọ Mi Ṣiṣẹ́

Mo ṣì rántí bí fóònù mi ṣe máa ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án, nígbà tí mo bá ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára ní ọ́fíìsì wa ní Odogbolu. Aago kan ni mo máa ń pè wọ́n. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti lù lọ́dọ̀ tiwọn ní Íńdíà nígbà náà. Ìyàwó mi á gbé fóònù síwájú ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, màá sì kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó lè wo àwọn rọ́bà tó jáde lábẹ́ àyà rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ gbà bọ̀ nínú pọ́ńpù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibà lásán la pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ibà náà fi máa lọ, ó ti ba ọkàn ọmọ náà jẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta kó má jókòó. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Ayépé, tí mo tà, ló gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íńdíà, èmi sì dúró ti iṣẹ́. Àwọn dókítà ní pọ́ńpù yẹn á máa bá ọkàn rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí ó lè sinmi, pé ọkàn ọmọdé máa ń padà bọ̀ sípò nígbà mìíràn. Bó bá padà, wọ́n á yọ ẹ̀rọ náà. Bí kò bá padà, a ó máa dúró de ọkàn ọmọ mìíràn tó bá kú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, mi ò mọ bí mo ṣe lè gbàdúrà mọ́.

Oúnjẹ ibẹ̀ kò bá ọmọ náà lára mu. Èmi tí mo gbà pé kò sí ohun tí gàárì Ìjẹ̀bú kò lè tún ṣe, mo di gàárì tó kan dáadáa àti ẹ̀pà yíyan fún ará àdúgbò wa kan tó ń lọ sí ìlú kan náà. Láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn la ti jọ ń mu ún lójú fóònù. Ọmọ náà á ní, “Dádì, ẹ ti bu tiyín?” Màá gbé abọ́ mi sókè, òun náà á gbé tirẹ̀, màá sì máa pa á lẹ́rìn-ín pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu tèmi tán. Gbogbo omi tó ń mu lójúmọ́ ló ní òṣùwọ̀n, ìyá rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ń kọ tíì, ó ń kọ mílíìkì, ó ń kọ omi tó fi lo oògùn. Abẹ́ oúnjẹ ló ń kọ gàárì sí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà fi kún. Inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù yí ọ́fíìsì ká. “Ẹ wò ó, ó ti ń sanra!”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dín iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ lè dá ṣe é. Ìyàwó mi pè mí láàárọ̀, ó ń sunkún.

“Dádì, wọ́n ní omi ló kún ara ẹ̀, kì í ṣe sísan. Ọkàn yẹn ò gbé e. Wọ́n máa tún un dán wò lọ́jọ́ kẹwàá. Tí kò bá tún gbé e, wọ́n á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún ọkàn ẹlòmíì.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rẹ gàárì mi, ẹnì kan sì wá bá mi sọ̀rọ̀. Kí ó tó lọ, gàárì ti wú, ó ti mu gbogbo omi inú abọ́. Bí mo ṣe na ọwọ́ láti bu omi sí i lẹ́ẹ̀kejì, mo rántí abọ́ ọmọ mi. Kí n sọ òótọ́, ọjọ́ kan gbáko ni mo fi dákẹ́. Ojú ń tì mí. Mo ń sọ fún ara mi pé kò lè jẹ́ ìyẹn.

Nígbà tí mo sọ ọ́, ìyàwó mi ní, “Gàárì kẹ̀? Ṣé gàárì lomi ni?”

“Omi ni.”

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ ọ́ o. Ẹnu mi ò gbà á.”

Bí mo ṣe ṣàlàyé gàárì mímu fún dókítà lójú fóònù nìyẹn. Ó béèrè bóyá ọbẹ̀ ni. Ó béèrè pé kọ́ọ̀pù mélòó, mo sì sọ fún un. Kò bá mi wí rárá, ó kàn dúpẹ́, ó sì lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Wọ́n gba gàárì kúrò lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kó tọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fà padà. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n dín iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kù, ọkàn rẹ̀ gbé e. Wọ́n tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹta sí i, ó gbé e. Nígbà tí wọ́n yọ pọ́ńpù náà, mo sunkún níwájú ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, kò sì sí ohun tó kàn mí.

Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Lóṣù tó kọjá, bí a ṣe ń bọ̀ láti ibi àyẹ̀wò rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì, torí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un rí.

“Mo mọ̀, Dádì,” ló wí. “Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi nígbà yẹn pé ohunkóhun tó bá ti ní omi ni kí n máa sọ.”

“Kí ló wá dé tí o kò sọ?”

“Ìgbà tá a bá ń mu ún nìkan lẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ò bá ti rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé mo fẹ́ kú ni.”

Gbogbo ọdún tó ti kọjá wọ̀nyí, mo rò pé èmi ni mò ń gba ọmọ náà níyànjú.