Ìwé Kan Ṣoṣo Tó Lè Dá Manvir Dúró

Ọjọ́ kẹta rèé tí òkú Bàbá Ujagar ti wà nínú àpótí yìnyín ní àgbàlá, tí wọn ò tíì dáná sun ún. Àpótí onídígí ni, gurdwara, ìyẹn ilé ìjọsìn àwọn Sikh abúlé náà, ló ni ín, iná mànàmáná ló ń mú un tutù, ó sì ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní Chak Dhesian, abúlé wọn ní Íńdíà, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé wo ni kò lọ́mọ ní Kánádà, ní Ítálì tàbí ní Ìlú Ọba? Bí bàbá bá kú, wọ́n á gbé òkú sínú yìnyín, wọ́n á máa wojú ọ̀nà títí ọmọkùnrin rẹ̀ á fi dé láti wá ṣáná sí igi.

Ohun tó mú ti Bàbá Ujagar yàtọ̀ ni pé Manvir, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti di ẹrù, síbẹ̀ ó ní òun ò ní gbéra ní Kánádà àfi bí ìyàwó òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé.

Ìyàwó yẹn ni Navkiran. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ife tíì tí àwọn aládùúgbò gbé wá, nítorí wọn kì í dáná nílé tí òkú bá ṣì wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, aṣọ obìnrin ló ń rán. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Manvir gbé e níyàwó. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún péré ni wọ́n jọ gbé pọ̀ kí ọkọ tó padà sí Kánádà. Ó ní láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé ìrìnnà ìyàwó á jáde. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún kejì, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Lọ́dún kẹta, lẹ́tà kan dé láti ilé ẹjọ́ kan ní Kánádà, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ abúlé ló kà á fún Navkiran. Ó kà á dópin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ àti ọkọ rẹ kì í ṣe tọkọtaya mọ́." Ilé ẹjọ́ tí Navkiran ò tẹ̀ rí, ní ìlú tí kò dé rí, ni wọ́n ti tú ìgbéyàwó wọn ká.

Ó gbé ẹjọ́ Manvir lọ sí ilé ẹjọ́ tiwọn ní Íńdíà. Wọ́n pe Manvir lẹ́ẹ̀mẹta, kò yọjú. Ni ilé ẹjọ́ bá kéde pé ó ti sá fún òfin, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo pápákọ̀ òfurufú ní Íńdíà: bí ọkùnrin yìí bá wọlé, tó bá fẹ́ jáde, ẹ dá a dúró. Navkiran ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí i, kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tó lè fi mú ọkọ rẹ̀.

Bàbá Ujagar fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé náà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé kí wọ́n dá ìyàwó yìí padà fún àwọn òbí rẹ̀, bàbá náà ní, "Ọmọ tèmi ló sá. Èyí ò sá. Kí ni kí n lé e fún?" Ìdí nìyẹn tí ariwo àpótí yìnyín náà fi ń dun Navkiran ju bó ṣe ń dun àwọn ìbátan lọ.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, Gurdev tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí gbogbo ilé ń pè ní Táyà, kó àgbààgbà mẹ́rin wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

"Navkiran, ọmọ mi, wá jókòó."

"Ẹ máa wí, Táyà. Mò ń gbọ́ lóòró."

"Bàbá rẹ wà nínú yìnyín bí ẹja."

"Èmi kọ́ ni mo gbé wọn síbẹ̀."

"Fọwọ́ sí i pé o ti jáwọ́ nínú ẹjọ́, kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ yẹn kúrò lára ìwé. Bó bá sun bàbá rẹ̀ tán, ó ti fi dá gbogbo wa lójú, ó máa bá ọ yanjú ẹ̀."

"Gbogbo yín náà ló fi dá lójú nígbà tó ní òun máa fìwé ránṣẹ́ lóṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ àdídùn jù níbi ìgbéyàwó ọjọ́ náà, Táyà."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ni Navkiran sọ. "Ṣé ìwé yẹn ní kó má wọlé ni? Kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà àtiwá. Ìgbà tó bá fẹ́ lọ ni wọ́n máa bi í léèrè. Bó bá jẹ́ torí bàbá rẹ̀ ló fi ń bọ̀, kí ló dé tó jẹ́ àtilọ ló kọ́kọ́ ń rò?"

Ìyàwó olóògbé, tí wọ́n ń pè ní Bíjì, wà ní kọ̀rọ̀, ó fi ìborí bo ojú rẹ̀ pátápátá nítorí Táyà, torí àṣà wọn ni pé ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í rí ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀. Láti inú aṣọ yẹn ló ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Òkú ọkọ mi lo fẹ́ fi gbẹ̀san, àbí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Navkiran lára ju ti gbogbo àwọn ọkùnrin náà lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé alùpùpù Bàbá Ujagar, ó forí lé tésàn ọlọ́pàá. Ìbéèrè kan ló fẹ́ lọ bi wọ́n: ṣé wọ́n lè dá ìwé náà dúró fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí ó tún padà máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú?

Akọ̀wé tésàn ń bó ẹ̀pà jẹ, ó da èèpo rẹ̀ sórí fáìlì. Ó wá fáìlì Navkiran fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá rẹ́rìn-ín.

"Arábìnrin, kí lẹ fẹ́ kí a dá dúró? Ìwé yìí ti kú láti oṣù kẹfà èṣí. Ọdún kan ni wọ́n ń fún un. Bọ́dún bá pé, èèyàn á tún kọ̀wé pé kó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Ta ló yẹ kó kọ ọ́?"

"Àwa náà ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa létí."

"Mo wá síbí lóṣù kẹsàn-án. Orí àga yìí kan náà lẹ jókòó sí. Ẹ ní kí n lọ sílé, pé iṣẹ́ ń lọ."

"Iṣẹ́ ń lọ lóòótọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó tún bó ẹ̀pà kan.

Navkiran ní kó fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ han òun. Ojú ewé kan ni. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà pasipọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ẹjọ́, ìdí rẹ̀. Odindi oṣù mẹ́jọ ni Manvir lè fi wọlé, kó jáde, kó tún wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé níbo lò ń lọ. Ìlà mẹ́rin ni wọn ò ráyè kọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, inú ẹ̀rọ ìránṣọ ni òkú ìwé wà, tí Navkiran ń nu eruku ọ̀rá rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú wúrà. Ó fẹ́ gbá èèpo ẹ̀pà yẹn dànù lójú akọ̀wé náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ti yé e: òun mọ̀ pé ìwé ti kú, Manvir ò tíì mọ̀.

"Ẹ kọ tuntun," ló sọ. "Ẹ kọ ọ́ báyìí, kó ṣojú mi."

Nígbà tó padà délé, ó bá Táyà nídìí òkú.

"Táyà, mo ti dé tésàn. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ìwé kankan tó de Manvir. Kó ní kí lọ́yà rẹ̀ bèèrè wò."

"O ti fọwọ́ sí i?"

"Kò sóhun tí mo fọwọ́ sí. Mo ní kó bèèrè."

Lọ́yà bèèrè, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Táyà gbé ọwọ́ lé Navkiran lórí, ó súre fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Manvir dé.

Navkiran gun orí òrùlé lọ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde. Ẹ̀gbẹ́ táńkì omi ló dúró sí. Lọ́dún tí Manvir kọ́kọ́ lọ sókè òkun ni Bàbá Ujagar fi sìmẹ́ńtì mọ táńkì yìí bíi bàálù, ó kùn ún ní funfun àti pupa, kí gbogbo abúlé lè mọ ibi tọ́mọ òun wà. Láti ibẹ̀ ni Navkiran ti rí èéfín. Ó sunkún fún bàbá náà dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, nídìí ẹ̀rọ omi.

"O ṣeun tó o jáwọ́."

"Èmi ò jáwọ́ nínú nǹkan kan o."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ka ìwé mímọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí kíkà bá parí, wọ́n á wé láwàní tuntun fún ọmọkùnrin olóògbé lójú gbogbo ìlú, pé òun ló gba ipò bàbá. Navkiran mọ̀ pé Manvir ò lè lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọmọ wo ló máa fi láwàní bàbá rẹ̀ sílẹ̀?

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tuntun tí wọ́n kọ lójú rẹ̀ ò tíì kúrò ní tésàn, akọ̀wé ní ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

"Ẹ gbé e fún mi, màá mú un lọ fúnra mi."

"Kì í ṣe iṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ ta ni? Ẹ fi ẹni tó ń ṣe é hàn mí, kí n kí i kú iṣẹ́."

Wọ́n fún un. Láràárọ̀ ló ń kúrò lórí ẹní ọ̀fọ̀, tó ń gbé fáìlì láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Ibì kan, wọ́n ní ẹni tó mú òǹtẹ̀ lọ jẹun. Ibòmíràn, wọ́n bi í pé kí ló dé tí òun àti ọkọ ò jókòó sọ ọ́ nítùbí-ìnùbí. Nílé, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́: "Ọkọ ti òkè òkun dé, ìyàwó ń gun alùpùpù kiri." Lọ́jọ́ keje, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè fọwọ́ sí i. Akọ̀wé obìnrin kan fi nọ́ńbà fóònù Navkiran kún un, ó fi ránṣẹ́ sí Delhi lójú rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà lẹ́tà náà fún un sórí ìwé péńpé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, yàrá Manvir ṣófo. Ẹnì kan ní tésàn ti sọ fún Táyà pé lẹ́tà tuntun ti jáde. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ ni Manvir ti lọ, ó rò pé òun á ti fò kí ìwé tó dé Delhi.

Bíjì jókòó ti àwo tí wọ́n ká láwàní funfun náà sí. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé àwo náà kúrò.

Aago kan ọ̀sán ni fóònù Navkiran dún. Láti pápákọ̀ òfurufú Delhi ni.

"Ṣé Navkiran Kaur nìyí? A ti dá ọkùnrin kan dúró síbí. Kí àwọn ọlọ́pàá yín wá gbà á kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Bí wọn ò bá wá, a ò lè tì í mọ́lé lásán."

Ó sáré dé tésàn. Akọ̀wé ní àwọn ti gbọ́. Ọkọ̀ wà, ó ní, epo ni ò sí nínú rẹ̀, awakọ̀ náà sì wà lẹ́nu ìsinmi. Kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

"Wákàtí mẹ́jọ ni Delhi! Ìgbà wo lẹ fẹ́ débẹ̀?"

"Arábìnrin, bí ẹ bá lè rí ọkọ̀, àwa ti ṣe tán."

Odindi ìjọba ló ń wá ẹni tó sá, obìnrin tí wọ́n sá fún ló tún máa wá ọkọ̀ tí wọ́n máa fi mú un. Navkiran padà sílé, ó dúró ní àgbàlá, ó pariwo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, láì fi nǹkan kan pamọ́. Ọkọ̀ funfun Táyà wà lẹ́nu ọ̀nà. Táyà ń wo ilẹ̀.

"Mọ́tò mi ò gbádùn," ló sọ. "Bíréèkì rẹ̀ ń dún."

Bíjì dìde. Ogójì ọdún ló ti wà nílé yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ò rí ojú rẹ̀ rí, òun náà ò sì pe ọkùnrin náà lórúkọ tàbí kó bá a sọ̀rọ̀ tààrà rí. Ó rìn dé iwájú ọkùnrin náà. Ó ká ìborí kúrò lójú, ó sún un dẹ́yìn orí.

"Gurdev," ló pè é. "Ọmọ mi fi láwàní bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Táyà ò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó ki ọwọ́ bàpò.

Bíjì gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi lé Navkiran lọ́wọ́. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní, "Lọ mú un wá."

Kó tó di aago mẹ́ta, wọ́n ti wà lójú títì ńlá, ọmọ aládùúgbò kan tó mọ ọkọ̀ wà ló wà á. Àwọn ọlọ́pàá méjì àti akọ̀wé há mọ́ra wọn lẹ́yìn. Navkiran jókòó síwájú, ìwé péńpé tó ní nọ́ńbà yẹn wà láàárín ìka rẹ̀. Oko àlìkámà ń kọjá lọ́tùn-ún lósì.

"Arábìnrin," ni akọ̀wé pè é, "búkà kan wà níwájú tí tíì wọn dùn gan-an. Ṣé ká dúró díẹ̀?"

Navkiran ò bojú wẹ̀yìn.

"Oṣù mẹ́jọ lẹ ti fi dúró," ló dá a lóhùn. "Máa wà á lọ, àbúrò."