Àpò Lẹ́tà Tó Ṣófo

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ṣakí, bí ìjọba bá gbé sítáǹpù tuntun jáde, n kì í jẹ́ kí ọjọ́ náà rékọjá. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò lẹ́tà, màá sì dúró ti akọ̀wé pósí ọ́fíìsì títí yóò fi lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà lé e. Òun ni mò ń kó jọ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní orí mi ò pé. Ó ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ìtọpinpin mi tún gbéra. Ṣé ìlú tí lẹ́tà ń lọ náà máa ń lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀? Mo kọ àdírẹ́sì bàbá mi, ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, sórí ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi ránṣẹ́. N kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Mo ní màá gbà á tí mo bá lọ kí wọn.

Mo gbàgbé pé bàbá mi kò mọ̀wé, àrokò ni wọ́n mọ̀. Láyé èwe wọn, ohun tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Àpò òfìfo láti ọ̀dọ̀ ọmọ kò lè sọ ire.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, fọ́nrán òwú ṣì wà lára bùbá wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n na àpò náà sí mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀ ketekete! Àmọ́ etí àpò náà ti ya kúrò.

“Ta ló fà á ya báyìí?”

“Èmi ni. Àfáà tó ń bá mi ka lẹ́tà gbọ̀n ọ́n títí, nǹkan kan ò jábọ́. Ṣé àìsàn ni, àbí wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́?”

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé àníyàn nítorí mi ló gbé wọn dé Ṣakí. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ṣàlàyé, wọ́n sì wo ẹyẹ orí sítáǹpù náà dáadáa, wọ́n ní ẹni tó yà á kò rí àparò rí.

“Máa fi ránṣẹ́,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n fi ìwé sínú rẹ̀, kí n mọ̀ pé o wà.”

Láti ìgbà náà, mo ń fi ìwé pélébé kan sínú àpò kọ̀ọ̀kan: “Bàbá mi, àlàáfíà ni mo wà.” Tí mo bá délé, wọ́n á kó àwọn àpò náà fún mi, abẹ ni àfáà fi là wọ́n. N kò bèèrè ìwé inú wọn rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n kú, mo ṣí àpótí òwú wọn. Gbogbo ìwé pélébé náà ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra bí mo ṣe ń to tèmi. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá etí àpò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fà ya. N kò tíì lẹ̀ ẹ́ padà.