Verna Keeping Ń Pe Àwọn Ará Kettle Arm Jọ

Ọjọ́ tí ìjọba gé iná mànàmáná Kettle Arm, abúlé apẹja kan létí òkun, tí ọkọ̀ ojú omi wá kó àwọn tó kù níbẹ̀ lọ, Verna Keeping kò sunkún. Ìdí ọkọ̀ lòun àti Gus ọkọ rẹ̀ jókòó sí. Ó ń wo àwọn ilé funfun tó wà lẹ́bàá àpáta bí wọ́n ṣe ń kéré sí i, títí kùrukùru fi gbé gbogbo wọn mì. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló dìbò pé àwọn á kó lọ. Ẹja ti tán lómi, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, nọ́ọ̀sì kì í sì í wá mọ́. Verna náà dìbò pé ká lọ. Ohun tí kò rò ni pé ọ̀nà tí kálukú máa gbà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn kan lọ bá ọmọ wọn ní Halifax. Àwọn kan gba Alberta lọ, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì. Àwọn díẹ̀ bá Verna dé ìlú ńlá St. John's, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ìkángun kejì ìlú náà, bí ẹni tó wà lókè òkun ló rí. Ní Kettle Arm, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á kàn ṣí i wọlé ni, wọ́n á jókòó sí ìdáná, wọ́n á ní, "Tíì dà?" Nínú ilé alájà mẹ́rin tí Verna ń gbé báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ẹni tó ṣì ilé ni.

Lọ́dún kejì tí wọ́n dé ìlú, Gus jáde lọ ra búrẹ́dì, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́ lójijì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Janine, ọmọ wọn kan ṣoṣo, padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Halifax. Láti ìgbà náà, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí fóònù bá dún nírọ̀lẹ́, tí Verna sì gbé e, ohùn rẹ̀ á há lọ́fun, torí pé láti àárọ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Janine gbọ́ ohùn tó há yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá gúrúùpù kan sílẹ̀ fún yín lórí fóònù. Gbogbo ará Kettle Arm á lè máa kí ara wọn níbẹ̀."

"Ta ló máa wá?"

"Ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni Verna ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò fẹ́ pè ni Selby Durnford, tí ilé rẹ̀ fara kan tirẹ̀ ní Kettle Arm, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn yodì. Selby ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Gander báyìí.

"Selby, Verna ni o."

"Verna wo?"

"Verna mélòó lo mọ̀? Èyí tí àgùntàn rẹ jẹ kábéèjì rẹ̀ tán ni."

"Hẹn-ẹn, o ò tíì gbàgbé ìyẹn. Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú. A dá gúrúùpù sílẹ̀ fún àwọn ará ilé ni. Mo fẹ́ kó o wọlé."

"Kí n wá máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kó o máa kí èèyàn."

"Àwọn tí mi ò kí nígbà tá a jọ wà lójú kan náà ni kí n wá máa kí lórí fóònù?"

"Ìdí tó fi yẹ kó o tètè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìkíni tó o jẹ wá ti pọ̀ jù."

Selby rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá a tẹ fóònù, ó sì wọlé sínú gúrúùpù náà.

Kí oṣù tó parí, ó ti lé ní àádọ́ta èèyàn níbẹ̀. Verna ń wo orúkọ wọn bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbéyàwó. Láràárọ̀ ló ń kọ̀wé sí wọn: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Kettle Arm. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ burúkú níbí. Ọ̀dọ̀ yín ńkọ́?" Fóònù á dún, yóò sáré lọ wò ó. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi ránṣẹ́, àtàǹpàkò tó na ara rẹ̀ sókè. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n sè lọ́jọ́ Ìsinmi. Àtàǹpàkò. Ó sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ òsì ń dun òun. Àtàǹpàkò, àti ojú kékeré kan tó ń sunkún. Nígbà tó sú u, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, àtàǹpàkò kì í sọ̀rọ̀. Ẹ la ẹnu." Wọ́n fi àtàǹpàkò dá ìyẹn náà lóhùn, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, wọ́n wọlé torí ojú mi ni. Wọn ò fẹ́ mi.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran oníyọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá ló ti pàdé Myrtle Rose, tí wọ́n jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé.

"Verna, olólùfẹ́ mi! Ẹsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí?"

"Ìwọ náà lo kọ ọ́ sí gúrúùpù."

"O kà á?"

"Kò sí èyí tí mi ò kà. Kí n tó po tíì láàárọ̀ ni mo ti máa ń wò ó."

Verna gbé ike ẹran ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O ń kà á lójoojúmọ́, o ò sì dá mi lóhùn? Myrtle, ìyẹn ò dáa. Ìyẹn dà bíi kéèyàn dúró lójú fèrèsé mi, kó máa wò mí bí mo ṣe ń dá jẹun, kó má sì wọlé."

Ojú ti Myrtle. Ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Verna, mi ò mọ̀wé kọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún tí ìyá mi kú ni wọ́n mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Kíkà, mo lè kà á bí mo bá fara balẹ̀. Àmọ́ kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, tí ìyàwó Ches Fudge ní Alberta, tó jẹ́ tíṣà, á máa wo ibi tí mo ti ṣì í kọ? Rárá o. Bẹ́ẹ̀ náà ni Selby. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Àbí o rò pé a ò fẹ́ ọ ni?"

Ohun tí Verna rò gan-an nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń lọ sílé, ó rántí pé Janine lòun máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òun ránṣẹ́ sí, kó tún un ṣe kí òun tó fi í sí gúrúùpù. Òun náà ò mọ̀ ọ́n kọ ju Myrtle lọ. Ẹni tó ń bò ó láṣìírí ló ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Janine pè é láti Halifax, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́. Verna jókòó sí ìdáná, ó tẹ fóònù mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀. Verna ni. Mi ò kọ̀wé mọ́, ẹnu ni màá máa fi sọ ọ́. Bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ bíi pé ìdáná mi lẹ jókòó sí. Ẹ gbọ́ ná, àpáta tó wà lẹ́nu èbúté wa, tí ọkọ̀ bàbá Ches forí sọ, kí ni wọ́n ń pè é? Orí Ewúrẹ́ ni, àbí?"

Ó mọ orúkọ àpáta yẹn bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí ohùn Selby fi gba inú ìdáná náà kan. "Orí Ewúrẹ́ kẹ̀! Verna! Ewúrẹ́ wo? Ta ló sin ewúrẹ́ rí ní Kettle Arm? Ìyá Àgbà là ń pè é! Ojú fèrèsé rẹ ló wà látọjọ́ tó o ti délé ọkọ! Ìlú ti gba ọpọlọ rẹ!"

Myrtle dé tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ wọlé. "Selby, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ni èyí tó tóbi. Èyí tí ọkọ̀ forí sọ, Ọmọ Rẹ̀ ni."

Verna rẹ́rìn-ín lóun nìkan títí ó fi di tábìlì mú.

Àmọ́ kì í ṣe pé ilé kún láti ọjọ́ náà. Nígbà òtútù yẹn, èèyàn mẹ́ta lè sọ̀rọ̀ lónìí, kó má sí ẹnì kan lọ́la. Ọ̀pọ̀ ò la ẹnu rí. Bí Verna ò bá sì béèrè nǹkan kan, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, bíi sítóófù tí ẹnikẹ́ni ò fi igi sí. Òun ló ń wá igi kiri: lónìí ìbéèrè nípa ẹja, lọ́la orúkọ tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì pè. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti dákẹ́, ilé náà á tún wá dákẹ́ ju bó ṣe wà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹta, òtútù wọ̀ ọ́ láyà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló wá gbé e, fóònù rẹ̀ sì kù sórí tábìlì. Janine wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Lórí ibùsùn, bó ṣe ń gba atẹ́gùn láti inú ọ̀pá kékeré tó wà nímú rẹ̀, Verna ń rò ó pé gúrúùpù náà á ti kú báyìí.

Ó lé lọ́sẹ̀ kan kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Janine bá a tún ilé ṣe, ó se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì padà sí Halifax. Verna jókòó ti fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Selby ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Verna, ilẹ̀ ti mọ́. Báwo lojú ọjọ́?" Lẹ́yìn náà: "Verna, ṣé o ń bínú sí mi ni?" Myrtle ní òun wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé rẹ̀, òun kan ilẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Janine wá sọ fún wọn pé ó wà nílé ìwòsàn. Ìgbà náà làwọn tí kò la ẹnu rí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kí i. Ches Fudge, tó wà ní Alberta, ní àdúrà ọ̀hún rán òun létí ìjì tó ká òun àti bàbá òun mọ́ ojú òkun. Ó sọ ìtàn ìjì náà. Selby ní irọ́ ló ń pa. Ẹnì kan béèrè bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹja oníyọ̀ sómi kí iyọ̀ rẹ̀ lè dínkù. Àwọn méjì jà lórí ẹ̀. Myrtle kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjì ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Verna mọ́.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Bó ṣe fẹ́ kó rí nìyí, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí òun ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Kò mọ̀ pé bó ṣe máa rí lára òun nìyí.

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Ches ló wà lórí ìtàn àgbọ̀nrín ńlá kan tó já wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lákòókò ìwàásù. Verna tẹ bọ́tìnnì náà.

"Ẹ káàsán o. Verna ni. Mo ti délé."

Selby dáhùn.

"Káàbọ̀, Verna. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dákẹ́ ná, Ches ò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Látìgbà tí Gus ti kú, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ó fi fóònù ti etí, ó gbọ́ bí àgbọ̀nrín ṣe dojú àga dé, bí pásítọ̀ ṣe gun orí pẹpẹ, bí Myrtle ṣe ń sọ pé irọ́ ni, pásítọ̀ ò gun nǹkan kan. Nígbà tó yá, Ches ní iṣẹ́ ń pe òun. Myrtle ní ìkòkò òun wà lórí iná. Selby ò sọ ibi tó ń lọ, ó kàn lọ ni.

Verna gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan ń rìn lọ rìn bọ̀, ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó rọra rìn torí àyà rẹ̀ tí kò tíì le, ó rẹ ẹja oníyọ̀ kan sínú omi de ọ̀la, ìwọ̀nba tó máa tó ẹnì kan.